Ìmọ̀ràn Tí Najet Kò Mú Wá

Najet Gharsalli ti kúrò ní Ksar Hellal kí ilẹ̀ tó mọ́. Tunis, olú-ìlú Tùnísíà, ló ń lọ, nítorí mínísítà ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn oníléeṣẹ́ kí ìjọba tó fọwọ́ kan owó ibodè orí aṣọ òkèèrè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń hun aṣọ tà. Igba obìnrin ló ń jẹun nínú iṣẹ́ náà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.

Ní ọ́fíìsì mínísítà, àwọn méjìlá tí wọ́n pè ló yí tábìlì ká. Kí tíì tó tutù, akọ̀wé ti pín ìwé. Najet ṣí i. "Àwọn aṣáájú okòwò ti gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó mú owó ibodè kúrò." Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ku kó buwọ́ lù ú.

"Sidi Mínísítà, ìgbà wo la gbà yín nímọ̀ràn? A ò tíì la ẹnu!"

"Lella Najet, ẹ fara balẹ̀. Àkópọ̀ lásán ni."

"Àkópọ̀ kí ni? Ẹ ti se ọbẹ̀ tán, ẹ wá ń pè wá ká wá fẹ́ná!"

Hédi Mzoughi, tó ń kó aṣọ wọlé láti òkèèrè, fà á lápá aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú ká lọ jẹun."

"Ìwọ ni kó o buwọ́ lù ú. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Hédi. Najet fa ilà gba orí orúkọ ara rẹ̀ títí ìwé fi ya, ó sì jáde.

Ó ń wakọ̀ padà sílé, ó ti dé Hammamet, nígbà tí rédíò ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀: àwọn méjèèjìlá fẹnu kò, kò sẹ́ni tó yapa. Wọ́n ka orúkọ. Wọ́n ka tirẹ̀.

Inú bí i. Ó yí ọkọ̀ padà sí Tunis, ó wọ iléeṣẹ́ rédíò náà lọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Ó ní òun á dúró. Wọ́n ní àwọn máa pe ọlọ́pàá.

"Ẹ pè wọ́n, kí àwọn náà wá gbọ́."

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, obìnrin tó ń ka ìròyìn jáde sí i. "Ìyá mi náà hunṣọ. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo lè fún yín o."

"Èmi Najet Gharsalli ò fọwọ́ sí nǹkan kan," ló wí lórí afẹ́fẹ́. "Wọn ò bi mí. Ẹni bá ní mo gbà, irọ́ ló ń pa."

Lọ́jọ́ kejì, méjì nínú àwọn yòókù jẹ́wọ́ pé ojú ń ti àwọn. Ìjọba sún òfin tó máa mú owó ibodè náà kúrò síwájú fún oṣù mẹ́fà. Wọn ò fagi lé e. Hédi ò kí i mọ́.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, ó jágbe mọ́ wọn. "Ta lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Oṣù mẹ́fà kì í ṣe títí láé! Ẹ jókòó, ká kọ ìmọ̀ràn tiwa."