Ẹkún Tó Ṣáájú Rẹ̀mílẹ́kún

Oòrùn ìyálẹ̀ta ń rọra wọ àgbàlá wa ní Ìgànná. Ó fọwọ́ kan òrùlé páànù, ó fọwọ́ kan ògiri, ó fọwọ́ kan ẹ̀gúsí tí mo ń bó sínú igbá. Èèpo ẹ̀gúsí ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ.

Ọmọ mi, ọmọ tí n kò pọ̀n rí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ lónìí.

Ọmọbìnrin kan jókòó tì mí lórí àpótí. Mùínátù lorúkọ rẹ̀. Ìjọba ló ní kó máa wọ ilé dé ilé, kó máa bi àwa obìnrin nípa oyún tí a ti ní àti ọmọ tí a ti bí, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọmọ ti ń ṣòfò, kí wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ dé. Ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lé itan, ó rí bíi síléètì. Mo pè é ní nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, Àǹtí. Ìbéèrè ni mo wá ṣe. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ jẹ́ ká fò ó."

Ìyá bàbá rẹ wà nítòsí, ó ń yí èlùbọ́ tó sá sóòrùn. Mùínátù dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ ní àwa méjì."

Màmá wò ó, ó wò mí, ó sì gbé àtẹ èlùbọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Mùínátù wá bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi, mo sì sọ bí mo ṣe máa ń sọ: Rẹ̀mílẹ́kún ni àkọ́bí, Bọ̀sún ló tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì wà nílé-ìwé. Ìka rẹ̀ dúró lójú ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè.

"Orúkọ tó dára ni Rẹ̀mílẹ́kún, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹkún kan ti wà nílẹ̀ kó tó dé?"

Háà, ọmọ mi! Gbogbo àdúgbò ló ń pe Rẹ̀mílẹ́kún. Wọ́n ń pè é láàárọ̀, wọ́n ń pè é lálẹ́. Wọ́n ń rán an níyọ̀, wọ́n ń rán an ní ìṣáná. Ẹnu gbogbo wọn ni ẹkún ń gbà kọjá, kò sì sí ẹni tó béèrè rí pé, ẹkún wo?

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mùínátù da ojú ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ nínú tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò kánjú. Kò ní kí n gbàgbé. Kò sọ ohun tí gbogbo ayé sọ fún mi: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, agbè ò fọ́. Èmi ni agbè, mo wà. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn, omi mi ni.

"Ẹkún wà," ni mo wí. "Ọmọkùnrin ni."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ bí òjò ṣe ya lu ìlú, tí odò kún bo afárá, tí kò sí ọ̀kadà tó lè gbé mi dé ọsibítù. Màmá nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀. Mo sọ bí Màmá ṣe fi aṣọ wé ọ, tó gbé ọ jáde, tí kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ. Wọ́n ní o ti kú kí o tó wáyé. Bàbá rẹ gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀, ó sì parí síbẹ̀.

Ohùn Mùínátù rọ̀ bí òwú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ó ku ìbéèrè kan nípa rẹ̀, ó sì lè dùn yín. Bí ẹ bá fẹ́ ká dúró, a ó dúró."

"Béèrè."

"Nígbà tí ẹ bí i, ṣé ó ké? Ṣé ó mí? Ṣé ó tiẹ̀ mira, bó ti wù kó kéré mọ?"

Mo bí ọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi mí. Wọ́n ń sọ fún mi ni. Látọjọ́ náà, wọ́n ń sọ fún mi.

"Ó ké," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ ológbò. Ṣùgbọ́n ó ké. Mo gbọ́ ọ."

Mo ń retí kó jiyàn. Mo ń retí kó sọ pé ìrora ìrọbí ló tàn mí. Kò jiyàn. Ó ṣí ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kọ ọ́, ó sì ń wí i jẹ́jẹ́ bó ṣe ń kọ ọ́.

"Ó ké. A bí i láàyè. Òun ni àkọ́bí yín."

Àkọ́bí! Orí mi wú, ọmọ mi. Ẹ̀yìn mi nà ṣánṣán lórí àpótí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé. Omijé ń bọ́, mi ò nù ún. Wọ́n ti kà ọ́. Wọ́n ti kà ọ́ mọ́ ọmọ, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ ènìyàn, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ mi.

"Ṣé ó ní orúkọ, Àǹtí? Bí kò bá ní, kò burú."

Kò sí ìkómọ fún ọ, ọmọ mi. Kò sí oyin, kò sí àádùn. Ṣùgbọ́n orúkọ wà tí kì í dúró de ìkómọ.

"Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ," ni mo wí. "Orúkọ rẹ̀ bá a wá láti ọ̀run. Ìgè ni."

Mùínátù kọ ọ́. Nígbà tó dìde láti máa lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò ní ti ẹnu mi jáde o. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó gbọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un."

Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gúsí lára ìró mi.

"Màmá, mo sọ fún un pé Ìgè ké."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí èlùbọ́. Mo rò pé yóò bá mi wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó ké," ni Màmá wí. "Ọwọ́ mi ló ké sí. Mo rò pé bí mo bá gbà fún ọ, ẹkún ò ní dá lójú ẹ mọ́. Ọmọ náà pupa. Ó jọ ọkọ ẹ. Irun kún orí ẹ̀ fọ́fọ́."

O ní irun! Ọmọ mi, irun kún orí rẹ, n kò mọ̀. O jọ bàbá rẹ, n kò mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo ń yangàn bí abiyamọ tí wọ́n ń kí ọmọ rẹ̀ fún.

Màmá fi etí ìró nu ojú. Ó gbé ohùn sókè, láìbìkítà bí ará ilé kejì bá gbọ́.

"Ìgè Àdùbí o!"

Mo dá a lóhùn fún ọ, bí ìyá ṣe ń dáhùn fún ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀.

"Màá!"

Ó tún pè ọ́. Mo tún dáhùn.