Àtàǹpàkò Ìyá Hadassah

“Dókítà, ṣé ó ti mí?”

Bàbá Tìrìmísíyù ló béèrè bẹ́ẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó kún yàrá náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Najeem ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sábẹ́ tábìlì bí ọkọ ìyàwó níwájú àna, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wá ihò mìíràn tí yóò ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀ka bọ̀. Láti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì yìí, ní Yábàá, ti ní òun ò rí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, àmọ́ ẹni tí kò bá tẹ àtàǹpàkò lé e kí aago mẹ́rin tó lù lónìí, kò sí owó oṣù fún un mọ́. Ohun tí ìwé ara ilẹ̀kùn wí nìyẹn: ẹ wá fi hàn pé ẹ ṣì wà láàyè, òní ló parí.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́,” ni Ìyá Hadassah wí. Opó ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, Ìwáyà ló sì ti fẹsẹ̀ rìn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ìgò omi sábẹ́ tábìlì. “Ọmọ mi, gba omi.”

Najeem dà á mu tán pátápátá.

“Omi tí mo fẹ́ fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lo gbé mu yẹn,” ni ìyá náà wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Kò burú. Itọ́ á gbé e lọ.”

Ojú ti Najeem, ó tún múra síṣẹ́. Ó pààrọ̀ wáyà, kọ̀ǹpútà ò mira. Ó pa á, ó tún un tàn, pàbó. Ó wá ki ẹ̀rọ náà bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, iná pupa sì tàn yòò nínú rẹ̀. Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́.

Ara ẹ̀rọ le koko, nígbà náà. Najeem jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó ń tú inú rẹ̀ wò, títí ó fi kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹnìkan ti pàṣẹ fún un pé àfi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan ni kó gbà. Ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́, kó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ òní ni àṣẹ náà wọlé. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Jethro.

Jethro fúnra rẹ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì, ti dúró sẹ́yìn rẹ̀.

“O ti rí i, àbí? Olóye ni ẹ́. Wá gbọ́.” Ó fà á wọ yàrá inú. “Tí èyí ò bá bàjẹ́, àwọn ọ̀gá òkè ò ní fọwọ́ sí i pé ká ra tuntun. Ogójì la fẹ́ rà. Ta ló máa kó wọn wá? Ṣèbí ìwọ náà ni.”

“Àwọn àgbàlagbà yìí ńkọ́, ọ̀gá?”

“Wọ́n á sún ọjọ́ síwájú. Ṣé èmi ò níyàá ni?”

Ó na ìwé iṣẹ́ sí i. Òfìfo ni. Kò ya Najeem lẹ́nu. Ní gbogbo ọ́fíìsì tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án, oníṣẹ́ á kọ́kọ́ buwọ́lùwé ná, àwọn ará ọ́fíìsì á kọ ìyókù nígbà tó bá wù wọ́n. Kò ka ọ̀kan rí. Ogójì ẹ̀rọ! Ó ti ń rí sígbóòdù tuntun lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin. Ó buwọ́lù ú.

“Ẹ̀yin òbí wa, ẹ máa lọ sílé,” ni Jethro kéde. “Ẹ̀rọ náà tún ti kú.”

“Yéè! Ọmọdé kú ṣáájú àgbà!” ni Bàbá Tìrìmísíyù kígbe. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni wọ́n ń rín sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Najeem kó ogójì ẹ̀rọ dé. Ìyá Hadassah ló bá níwájú Purity, akọ̀wé, ó ti rù hangogo. Najeem dorí kodò, ó ki ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bọ ihò. Kíá, kọ̀ǹpútà rí i; àṣẹ Jethro ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́,” ni Purity wí.

Ìyá náà nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró, ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. “Èmi rèé!”

Purity ò rẹ́rìn-ín. “Olóògbé ni wọ́n kọ síbí, mà.”

“Ta ló kú?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ ò wá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn.”

“Mo wá! Ẹ̀rọ ló bàjẹ́.”

Purity ṣí fáìlì, ó kà á sókè: “‘Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dáadáa títí di aago mẹ́rin. Gbogbo ẹni tó wá ló tẹ̀ka. Ó bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán.’ Oníṣẹ́ buwọ́lù ú.”

Najeem yọjú wo ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò kọ.

“Bàbá Tìrìmísíyù ì bá jẹ́rìí mi,” ni Ìyá Hadassah wí.

“Òun náà ti di olóògbé nínú fáìlì, mà.”

“Ti bàbá kì í ṣe ti fáìlì.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò rówó ra oògùn.” Ó yíjú, ó rí Najeem. “Olúwa ṣeun! Ọmọ tó ń tún un ṣe nìyí! Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé mo wá.”

Jethro ti yọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá inú. Ó kàn ń wo àwọn páálí tí wọn ò tíì tú.

“Lẹ́yìn aago mẹ́rin ni mo dé lọ́jọ́ náà, Màmá,” ni Najeem wí. “Mi ò bá ẹnì kankan níbí.”

Ìyá náà wò ó, ó tún un wò, ó nu ojú rẹ̀, ó tún un wò.

“Ẹni tó jọ ọ́ ni, nígbà náà,” ló wí níkẹyìn. “Ojú àgbà ni. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Díẹ̀ ló kù kí n bà ọ́ lórúkọ jẹ́ lójú ọ̀gá rẹ.”

Ó mú báàgì rẹ̀. Ó ṣì ń tọrọ àforíjì bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Najeem sì ń gbọ́ ọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀.