Wákàtí Mẹ́sàn-án Tí Wọ́n Fi Wá Bàbá Àgbà

Láti ìlú Pachuca tí à ń gbé dé Real del Monte, ìdajì wákàtí ni mọ́tò ń gbà. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá mi àgbà, Tiburcio, fi sá fún ìlú orí òkè yẹn, ìlú tí wọ́n ti bí i. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí àlọ́ àpamọ̀ kì í jẹ́ kí n sinmi, mo bi í, mo tún bi í, àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó jẹ́wọ́.

Iṣẹ́ awakùsà ló ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo awakùsà ló ní àmì idẹ tirẹ̀, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bó bá ń wọ ihò lọ, yóò yọ ọ́ lára pátákó tó wà lẹ́nu ihò. Bó bá jáde, yóò dá a padà. Bí àyè kan bá ṣófo lórí pátákó, a jẹ́ pé ẹnìkan ṣì wà nísàlẹ̀. Ní Sátidé kan, Bàbá àgbà gbàgbé tirẹ̀ sápò ṣòkòtò, ó gba ilé àǹtí rẹ̀ lọ lábúlé, ó sì sùn fọnfọn. Ọkùnrin méje ló padà sínú ihò láti wá a. Wákàtí mẹ́sàn-án. Òkúta já lu Fidencio, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ó sì dá a lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Bàbá àgbà gbọ́, ìtìjú mú un kó ẹrù rẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fidencio kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

"Bó bá lé mi, ká yáa padà," ló ń sọ nínú mọ́tò. "Má bá a jiyàn o."

Ìkùukùu bo ìlú débi pé òrùlé páànù pupa nìkan là ń rí. Fidencio jókòó síwájú ilé rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó wo Bàbá àgbà láti òkè délẹ̀.

"Eulalia!" Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè nínú ilé. "Wá wo òkú tó ń rìn!"

"Òkú wo?"

"Tiburcio ni. Ó ti sanra sí i."

Bàbá àgbà ṣí fìlà. Ó ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí láti ilé, ṣùgbọ́n kò rántí ìkankan mọ́. "Fidencio, ẹsẹ̀ rẹ..."

"Ẹsẹ̀ mi ń bẹ lára mi. Ṣé o wá kà á ni?"

"Dárí jì mí. Èmi ni mo gbé àmì yẹn lọ."

"Ta ni kò mọ̀? Ìwọ tó máa ń gbàgbé nǹkan, tó o wọ bàtà kan ṣoṣo wá gba Kọmúníọ́nù!"

Eulalia jáde pẹ̀lú àwo paste gbígbóná, mítípáì ìlú wọn, òórùn ẹran àti ọ̀dùnkún inú rẹ̀ ń ta sánsán. Kò kí wa. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Sọ tìrẹ náà fún un."

Fidencio fi ọ̀pá ha ilẹ̀ títí.

"Méjì méjì là ń ṣiṣẹ́," ó sọ níkẹyìn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ dúró de ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu ihò. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò dúró dè ọ́. Obìnrin yìí ń retí mi níbi ijó. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi rò pé èmi ni mo pa ọ́. Nígbà tí òkúta já lù mí, mo ní ó tọ́ sí mi."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ? Mo ní kí ẹsẹ̀ yìí san kí n wá bẹ̀ ọ́. Kó tó san, o ti lọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí, Tiburcio. Ìyẹn nìkan."

Bàbá àgbà ń fi fìlà nu ojú. "Nítorí ijó?"

"Kò tiẹ̀ mọ ijó jó," Eulalia fèsì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì tọrọ gáfárà. Àwọn méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí rẹ̀.

A jẹun tán. Fidencio dìde. "Nínú àwa méje tó wá ọ, mẹ́rin la kù. Ó yá, ká lọ bá wọn."

Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí àkàbà. Mo na ọwọ́ sí Fidencio kó lè dì í mú.

"Ọmọ yunifásítì, gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Apá Bàbá àgbà ló dì mú, ó sì ń fà á gòkè, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a dé ilé ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, Fidencio fi ọ̀pá lu ilẹ̀kùn gbàgbà.

"Crescencio! Jáde wá! Mo ti rí i!"