Òṣùká tí Eladio Fọ̀

Ẹ̀yìn ni Eladio Cuesta ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, níwájú èmi tí mo ń ṣọ́ ilé, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Nígbà èwe, ó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá kan ní Sevilla, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó máa lọ. Láti ìgbà náà, láti ẹgbẹ́ kékeré kan sí òmíràn ni, lórí pápá erùpẹ̀ tó máa ń bó awọ orúnkún ènìyàn. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa ní Hontanilla, ní ìpele karùn-ún líìgì, imú rẹ̀ ti wọ́, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì ti lọ. Òun náà ti ṣẹ́ egungun èjìká ẹnìkan, ó ti fi ìgúnpá la ojú ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ní àràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, á kọ́kọ́ gba Ara Olúwa kó tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ọkàn rẹ̀ tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tutù.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde gan-an ni a máa pàdé Cerro Pardo, ìlú òdìkejì odò. Bí a bá ta ọ̀mì, a ó dúró ní ìpele wa. Bí a bá fìdí rẹmi, a já nìyẹn, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà kò ní gbérí mọ́.

Ẹni tí à ń bẹ̀rù ni Jairo, atamátàsé wọn. Ọmọ Hontanilla ni. Tránsito, ìyá rẹ̀, ṣì ń gbé lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa. Eladio ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi orí kan bọ́ọ̀lù. Nígbà tó fi wá sílẹ̀ lọ bá Cerro Pardo, àwọn kan kọ èébú sára ògiri ilé ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Jairo wálé, ó gbé òṣùká rẹ̀ dání, aṣọ tí a máa ń ká sọ́rùn gbẹ́rù. Àwa ọkùnrin ìlú la máa ń fi ọrùn gbé ère Olúwa wa tó ṣubú lábẹ́ àgbélébùú yí ìgboro ká. Abẹ́ pèpéle kan náà tí ère wà lórí rẹ̀ la máa ń wà, aṣọ á bò wá mọ́lẹ̀, òógùn ẹnìkan á máa kán sí ẹnìkejì lára. Ẹni tó bá bá ọ gbẹ́rù náà ti di arákùnrin rẹ. O kò gbọdọ̀ ṣe é léṣe títí àwọn obìnrin yóò fi fọ òṣùká gbogbo wa ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n rú òfin yìí. Àwọn kan kùn pé kí wọ́n lé Jairo padà. Eladio sún, ó fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé Olúwa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Baldomero, kóòṣì wa, pàṣẹ fún Eladio pé kó tètè ṣe ẹsẹ̀ Jairo léṣe. Eladio ní òun kò lè ṣe é ṣáájú ọ̀la. Baldomero ní kò sí bọ́ọ̀lù lọ́la.

A kò tíì gbá a jìnnà tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Rufo tiwa fi ìgúnpá fọ́ ẹnu ọmọ Cerro Pardo kan, àwọn náà sì fi bàtà ya itan Rufo. Àwọn èrò ń ju ìgò, wọ́n ń pariwo pé ká gé ẹsẹ̀ ọ̀dàlẹ̀. Jairo nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti Eladio, Eladio á sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n," ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òógùn yín ṣì wà lọ́rùn mi."

"Jairo, má fi Olúwa ṣeré."

"Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Ẹ ṣáà dúró jẹ́ẹ́ bí ère, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó sì kọjá lóòótọ́, ó gbá a wọlé lábẹ́ apá mi. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó fẹnu ko Eladio ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lójú gbogbo èrò. Ìgbà yẹn ló yé wa ìdí tó fi wá gbẹ́rù.

Nígbà ìsinmi àárín eré, itọ́ tí àwọn ará ìlú wa tu sí Eladio ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó yọ òṣùká rẹ̀ nínú àpò, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọkùnrin kì í fọ òṣùká ní Hontanilla. Baldomero pàápàá ya àmì àgbélébùú sí àyà rẹ̀. Eladio fún omi òṣùká náà dànù, ó mú un jáde, ó sì so ó mọ́ òpó ilé tí mò ń ṣọ́, omi ń kán nínú rẹ̀.

Jairo rí i, ẹ̀rín sì kú lójú rẹ̀. Ó lọ ń rìn létí pápá, kò sún mọ́ wa mọ́. Àkókò yẹn ni Rufo fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nítan rẹ̀, ó sì di ọ̀mì. Ó kù díẹ̀ kó parí. Kóòṣì Cerro Pardo ń bú Jairo, ó ń pè é ní ojo, títí ọmọ náà fi gba bọ́ọ̀lù kan tó sì sáré bọ̀ láàárín gbùngbùn. Eladio nìkan ló kù láàárín èmi àti òun.

Eladio kò wo bọ́ọ̀lù. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì níwájú. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá ṣẹ́. Egungun ẹsẹ̀ Jairo gún ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ jáde.

Àwọn èrò wa hó yèè. Rẹfirí na káàdì pupa sókè, ṣùgbọ́n Eladio kò jáde. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí Jairo lé itan. Tránsito ti fo irin tó yí pápá ká kọjá, ó ń bọ̀ lórí koríko pẹ̀lú aṣọ Àjíǹde lọ́rùn. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń fọ òṣùká. Ó wo òpó, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Ta ló fọ ìyẹn, Eladio?"

"Èmi ni, ìyá."

"Kò mọ́."

Eladio kò lè gbójú sókè. Jairo di ọwọ́ rẹ̀ mú, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Di orí rẹ̀ mú dáadáa," ni ìyá rẹ̀ wí fún Eladio, òun náà sì kúnlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, Eladio bá wọn wọ̀ ọ́ tòun ti bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Cerro Pardo gbá bọ́ọ̀lù ìjìyà tí rẹfirí fún wọn, mo mú un, fèrè sì dún. Àwọn ará wa ya wọ pápá, wọ́n ń wá Eladio láti gbé e sọ́rùn. Mo ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n bá gbé èmi dípò rẹ̀, wọ́n ń kọrin, èmi sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ̀ mí kalẹ̀.