Ẹ̀rọ Abẹ́ Ìrọ̀rí Ihsan

Tàbí kí n tiẹ̀ padà sí kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ yẹn... Rárá. Ó ń túmọ̀ àṣẹ tí mo fi èdè C kọ fún ṣíìpù yìí, ọpọlọ ẹ̀rọ mi, lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ṣíìpù ò gbà á. Ṣíìpù tí ò ju èékánná lọ! Kọ̀ǹpáílà kejì ń dín in kù dáadáa — ó tún wá ń dín ohun tí mi ò ní kó dín. Mo ní kí ẹ̀rọ dúró díẹ̀, kó gbọ́ bóyá ẹkún ọmọ ni, kó tó gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà wo ìdúró yẹn, kò rí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Ta ló bi í? Bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé wa ní Huntstown, ẹ̀rọ gbọ̀n. Mo ti ilẹ̀kùn press tí a ń kó àwo sí, ẹ̀rọ gbọ̀n.

Mọ́ńdè ń bọ̀. Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ní Swords, tí á wá ku Ihsan nìkan pẹ̀lú Safwan ọmọ wa. Ìyàwó mi tí etí rẹ̀ ti di látìgbà àìsàn èṣí. Ọmọ á sunkún, á sunkún, ìyá rẹ̀ á ṣì máa sùn... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i.

Fọlárìn níbi iṣẹ́ ní, “It'll be grand, Jamal.” Pé á dáa. Grand kẹ̀! Ṣé ọmọ tiẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fi ń kìlọ̀ fún kọ̀ǹpáílà: má fọwọ́ kan eléyìí, bí o ò tilẹ̀ rí ìdí rẹ̀. Mo fi í sí i. Mo gbé e sínú ṣíìpù. Mo ti ilẹ̀kùn press — kò gbọ̀n. Bọ́ọ̀sì kọjá — kò gbọ̀n. Alhamdulillah! Kọ̀ǹpáílà kejì náà ni mo máa lò, ó parí. Kí ló dé tí ọkàn mi ò balẹ̀?

“Bàbá Safwan, ṣé ẹ rò pé mi ò lè tọ́ ọmọ mi ni? Etí mi ló di, orí mi ò dàrú.” Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà hàn án nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù fún un pé nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ ni.

Òun nìyẹn ní pálọ̀ báyìí, ó kọ̀yìn sí Safwan, ó ń ká aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lára bẹ́ẹ̀dì ọmọ... Ó ju aṣọ sílẹ̀. Ó yí padà, ó gbé ọmọ. Kí ló gbọ́? Ọmọ ò tíì pariwo. Ó kàn ń yíra ni...

Ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi gbọ́.

Lálẹ́ ńkọ́? Lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wà lára bẹ́ẹ̀dì yẹn. Yéè! Mo mà máa ń rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, kó lè sùn dáadáa. Mo wò ó, mi ò rí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Ta ló bi mí?

Ìfọ̀kànbalẹ̀ ta wá ni mo ń wá láti ọjọ́ yìí? Tèmi. Tèmi ni.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, kò mira. Ẹkún ló ń dúró dè. Ihsan ò sì jẹ́ kó dé ẹkún.