Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́kànlá Lẹ́nu Ọ̀nà Assunta

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Bámigbóyè ti wà ní abúlé orí òkè kan ní Ítálì, kò sì tíì sí ẹnì kankan tó bá a jókòó jẹun rí. Èyí ló ń dùn ún ju òtútù lọ. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní Kabba ló bá a wá àyè náà, ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, pé kó lọ wo bí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ṣe ń fún epo ólífì. Ó ṣe tán, epo pupa ni Martha, ìyá rẹ̀, ń ṣe tà tó fi rán an dé yunifásítì.

Abúlé náà kò burú lójú. Òkè wọ́ tẹ̀lé òkè bí ti ọ̀nà Kabba sí Egbe, àfi pé yìnyín ti fún àwọn tó ga jù ní fìlà. Láàárọ̀, kùrukùru a bo àfonífojì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì a sì máa dún nísàlẹ̀ bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti ń lù ú. Bámigbóyè àti Pietro, ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo, a máa fi ọ̀pá gbọn ólífì sórí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi. Epo tuntun á jáde bí omi ewé, á máa ta lọ́nà ọ̀fun bí ata. Tó bá di ọ̀sán, Pietro á gun alùpùpù lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní abúlé kejì, ìgboro á wá dá wáí.

Assunta ni arúgbó tó ni ilé tó wọ̀ sí. Opó ni, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, Bámigbóyè wà lókè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí Bámigbóyè bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilẹ̀kùn Assunta á ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, òórùn ọbẹ̀ tòmátì àti ẹran àgùntàn á ti gba gbogbo àtẹ̀gùn.

“Ọmọ mi, wá jẹun.”

Bámigbóyè á tẹrí ba, á rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣé, Màmá. Á gba ibi ire o.” Ó ti bi Pietro bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè wọn. Lẹ́yìn náà, á gòkè lọ ṣí sàdíìnì inú agolo.

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ní Kabba, ta ni yóò wà nídìí oúnjẹ tí ènìyàn ń kọjá tí kò ní pè é? Ìkíni ni. Ọmọ tó bá torí ìkíni jókòó, ojú lásán ni Martha yóò fi wò ó tí òkèlè yóò fi há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá fẹ́ kí o jẹun lóòótọ́ yóò dì ọ́ lọ́wọ́ mú, yóò bú ọ díẹ̀, yóò ní o rò pé o ti di ọ̀gá. Bámigbóyè ń retí kí Assunta bú òun. Assunta kò bú u.

Ó kọ̀wé sí Folúkẹ́, àbúrò rẹ̀: “Àwọn ará ibí mọ ‘wá jẹun’ í sọ. Ẹnu lásán ni.”

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, Pietro rẹ́rìn-ín sí i nídìí àwọ̀n.

“Aláfojúdi! Adìẹ Assunta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn mọ́ nítorí tìẹ.”

“Adìẹ wo?”

“Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ. Oúnjẹ ẹni méjì ni obìnrin yẹn ń sè lọ́jọ́ Ìsinmi láti ìgbà tó o ti dé. Ó ń gbé àwo rẹ kalẹ̀, ó ń gbé fọ́ọ̀kì rẹ kalẹ̀, ìwọ á ní kó jẹun ire, o gòkè lọ! Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló ń rí ẹ lára.”

“Ó kàn ń kí mi ni.”

Pietro wò ó tìyanu-tìyanu. “Ta ló ń fi oúnjẹ kí ènìyàn?”

Ọ̀pá dúró lọ́wọ́ Bámigbóyè. Ọjọ́ Ìsinmi mọ́kànlá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kejìlá, bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ló ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn Assunta wà ní títì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó gun àtẹ̀gùn méjì lọ sókè, ó dúró. Kí ènìyàn lọ ká ẹni ẹlẹ́ni mọ́ ìdí oúnjẹ láìpè! Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Kabba, orúkọ á bà jẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kanlẹ̀kùn.

Assunta yọjú. “Ṣé iná kò sí lókè ni?”

“Iná wà, Màmá. Mo wá jẹun ni.”

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé onílé rí láyé rẹ̀. Ojú tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Arúgbó náà wò ó títí, ó wá yà fún un lọ́nà. Àwo kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Lórí pátákó kan, túwó àgbàdo wọn wà níbẹ̀, ó pọ́n bí pupa ẹyin, kò ju ìkúùkù lọ.

“Èmi nìkan ni mo ro ó fún,” Assunta wí.

“Ó tó, Màmá.”

“Kò tó.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú òwú nínú dúrọ́ọ̀, ó tì í sábẹ́ túwó náà, ó fà á sókè, ó fi gé e sí méjì bí wọ́n ṣe máa ń gé e níbẹ̀. Apá tó tóbi díẹ̀ ló tì sí ọ̀dọ̀ Bámigbóyè. Ó kó òwú ìhunṣọ kúrò lórí àga kejì ní ìdì kọ̀ọ̀kan, kò yára.

Òkèlè márùn-ún, túwó ti tán. Bámigbóyè kò ṣẹ́ ohunkóhun kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ pé àlejò kì í jẹ oúnjẹ tán nínú àwo. Assunta ń ṣọ́ àwo náà.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n padà sílé,” Bámigbóyè wí.

“Mo mọ̀.”

Wọ́n jókòó báyẹn. Ebi ṣì ń pa àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.