Ẹ̀pà Màmá Májẹ́kódùnmí àti Ọkọ̀ Agogo

1.

…nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, awakọ̀ Tírọ́lì Ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ èrò mọ́. Ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe ẹ̀bùn. Ọ̀FẸ́ NI Ọ̀FẸ́ Ń JẸ́. Awakọ̀ tó bá rú òfin yìí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Akíntóyè, Alága
Ẹgbẹ́ Onílé, Ẹ̀sítéètì Ìfẹ́sowápọ̀, Àkúrẹ́

(Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìdajì òkè ti ya. Silas ló ya á, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀.)

2.

Silas ni awakọ̀ náà. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, Ìpógun nítòsí Àkúrẹ́ ló ń gbé, ó sì jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan, kò fi gbá ẹnikẹ́ni rí.

Òun gan-an ló ń to àwọn ìwé yìí jọ. Kò fẹ́ kọ "mo" sí i. Ó ní ẹni tó bá ti ń sọ "mo", kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ láre.

3. OHUN TÍ ỌKỌ̀ NÁÀ JẸ́

Ìjókòó onígi márùn-ún.
Òrùlé tapólì. Kò nílẹ̀kùn.
Agogo kan lókè orí awakọ̀.

Alága rí irú rẹ̀ lókè òkun, ó ní kí àwọn alurinmọ́rin ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀sítéètì. Ó kọ TÍRỌ́LÌ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ Agogo ni gbogbo ayé ń pè é.

Ibi tó ti ń dúró: ilé kẹrin, ilé kọkànlá, ilé kẹtàdínlógún, ṣọ́ọ̀ṣì, géètì.

Bó ṣe ń dúró: agogo mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì, ó lọ.

4.

Màmá Májẹ́kódùnmí ló ni ilé kẹtàdínlógún. Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó bíi ti Silas, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Gbogbo ìgbà tó bá wọkọ̀ ló ń fún Silas ní ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá kékeré, pẹ̀lú ìgbóná rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Silas ní kó má ṣèyọnu, ó ní ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ yìí. Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Silas, ọmọ mi, ẹrù ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀. Ṣé ẹrù ni mí?"

Silas gba ẹ̀pà, ó fi jẹ búrẹ́dì. Ó dùn, ká má parọ́.

5. LÁTI INÚ ÌTÀKÙRỌ̀SỌ ẸGBẸ́ ONÍLÉ LÓRÍ FÓÒNÙ

ỌMỌLARÁ (ilé kẹrin): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ béèrè ni. Kí ló dé tí awakọ̀ ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ilé kẹtàdínlógún, tó sì fi mí sílẹ̀ lánàá?

BÍSỌ́DÚN (ilé kọkànlá): Wọ́n ń fún un ní ẹ̀pà níbẹ̀ ni 😂😂

ỌMỌLARÁ: Ẹ̀pà lónìí. Lọ́la ńkọ́?

ALÁGA: A ti gbọ́. A máa ṣe òfin sí i.

BÍSỌ́DÚN: Àwàdà ni mo ń ṣe o, sà.

6.

Òótọ́ ni pé ó ń dúró. Orúnkún ń dun Màmá, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló sì wà níwájú ilé rẹ̀. Kì í ṣe torí ẹ̀pà.

Bóyá ẹ̀pà náà wà níbẹ̀ díẹ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ta ni yóò wí bẹ́ẹ̀ fún Alága?

8.

(Ẹ jẹ́ ká fo ìkeje ná.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì òfin, Màmá na ẹ̀pà sí i, Silas kò gbà á. Màmá jókòó. Wọ́n dé géètì. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò wọ ọkọ̀ náà mọ́.

9. OHUN TÍ SILAS RÍ

Ẹtì: Màmá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí géètì, agboòrùn lọ́wọ́. Silas lu agogo. Màmá juwọ́ sí i.

Ìṣẹ́gun: Ó ń rìn. Silas ń rọra wakọ̀ tẹ̀ lé e. "Màmá, ẹ wọlé." "Ẹ ṣeun, ọ̀gá awakọ̀. Ẹ máa lọ." Ẹ gbọ́ ọ bí? Ọmọ mi ló ń pè é tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Silas, àgbàlagbà tó jù ú lọ tó báyìí kò fi "ẹ" kí i rí, ó sì dùn ún wọ egungun.

Ẹtì: Òjò. Ó ń rìn. Ọmọlará wà lẹ́yìn Silas nínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Màmá yẹn kì í wọkọ̀ mọ́?" Ìjókòó mẹ́rin ló ṣófo.

Ìṣẹ́gun: Kò rí i.

Ẹtì: Kò rí i.

10. ÌPÓGUN, NÍDÌÍ OÚNJẸ ALẸ́

AGNES, ìyàwó Silas: Bàbá Olúwatóbi, ó ti pẹ́ tí ẹ ti mú ẹ̀pà wálé.

SILAS: Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ gbà á mọ́.

AGNES: Ẹ wá kọ̀ ọ́ fún un? Àgbà?

SILAS: Òfin ni.

AGNES: Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

SILAS: Tí Alága bá gbọ́ pé mo lọ sílé Màmá ńkọ́? Ta ló ń gba ẹni ọgọ́ta ọdún síṣẹ́?

AGNES: (kó abọ́.)

11.

Kò lọ lọ́la. Kò lọ lọ́tùn-únla.

12. NÍ GÉÈTÌ

(Moríyọ̀ ń ta omi àti káàdì fóònù níbẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni.)

SILAS: Moríyọ̀, o rí Màmá ilé kẹtàdínlógún?

MORÍYỌ̀: Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ṣubú nínú òjò ọjọ́sí. Mo lọ kí i l'ulé, mo bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin níbẹ̀, ó ń di ẹrù. Wọ́n ti mú un lọ sí Oǹdó.

SILAS: Nígbà wo?

MORÍYỌ̀: Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi Màmá kí wọ́n tó lọ pé kí ló dé tí kò wọ ọkọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹ ò ṣe òun ní nǹkan kan, uṣẹ́ yín lẹ ń ṣe.

SILAS: Bó ṣe wí nìyẹn?

MORÍYỌ̀: Bó ṣe wí náà nìyẹn.

Ì bá sàn kó bú u.

13. ÌKÉDE

Ẹgbẹ́ ti tún òfin yẹ̀ wò. Awakọ̀ lè gba oúnjẹ kékeré bí èso, omi, tàbí ẹ̀pà. — Akíntóyè, Alága.

(Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Màmá lọ. Silas kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ kó fà á ya. Òkè rẹ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ìsàlẹ̀ kò ṣí.)

14. OHUN TÍ SILAS GBÉ LỌ SÓǸDÓ

Iṣu mẹ́ta láti oko Ìpógun.
Epo pupa, ìgò kan. Agnes ló fi kún un.
Gbólóhùn kan tó ti ń tún tò láti Àkúrẹ́: "Màmá, mo ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí."

Ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ a máa mú àgbà kan dání, kí onítọ̀hún bá a sọ ọ́. Silas mọ̀. Ojú ló tì í láti sọ ohun tó ṣe fún ẹlòmíràn. Ó dá lọ.

7.

Ohun tí a fò nìyí.

Silas kò kàn kọ ẹ̀pà náà. Ọ̀rá náà ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóná. Ó gbójú sókè sínú dígí, ó rí Ọmọlará lẹ́yìn, fóònù lọ́wọ́. Ó sọ ọ̀rá náà padà sínú àpò Màmá, ó gbóhùn sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹ yé fún mi ní nǹkan. Mi ò tọrọ."

Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Màmá ń wo ọwọ́ náà.

Ó lè rọra sọ ọ́. Ó lè sọ ọ́ ní èdè Oǹdó, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀. Ó lè ní, "Màmá, ẹ bá mi fún Moríyọ̀." Ó mọ gbogbo èyí nígbà yẹn.

Mo mọ̀ ọ́n.

15. OǸDÓ

(Precious, ọmọ-ọmọ Màmá, ló ṣílẹ̀kùn. Màmá na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù. Silas dọ̀bálẹ̀.)

MÀMÁ: Ẹ dìde, ẹ dìde. Precious, bu omi fún àlejò.

SILAS: Màmá, mo wá bẹ̀ yín ni.

MÀMÁ: Kí lẹ ṣe?

SILAS: Ẹ̀pà yẹn.

MÀMÁ: Ẹ̀yin ń pa òfin mọ́. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin mọ́. Èmi ò bá yín jà.

SILAS: (gbé iṣu àti epo síwájú rẹ̀.) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi.

(Màmá wo iṣu náà pẹ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan.)

MÀMÁ: Iṣu tó dára ni. Ẹ gbé e padà fún ìyàwó yín.

SILAS: Màmá…

MÀMÁ: Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Mi ò lè dúró nídìí ààrò mọ́, kí ni mo máa sè fi dúpẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ẹrù lẹ́ẹ̀kejì ni?

(Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rọra sọ ọ́ ni. Silas mu omi tí wọ́n bù fún un tán, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè gbà nínú ilé yẹn.)

16.

Iṣu mẹ́ta, Oǹdó sí Àkúrẹ́, lórí itan rẹ̀.

17. ÀTẸ̀JÍṢẸ́, ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN, AAGO MÉJE ÀÁRỌ̀

PRECIOUS: Ẹ kú àárọ̀, sà. Màmá ní kí n bi yín pé ta ló ń fún yín ní ẹ̀pà báyìí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá Silas níwájú ilé kẹtàdínlógún. Wọ́n ti gbé pátákó síbẹ̀ pé ilé náà wà fún ayálégbé. Ó ti lu agogo mẹ́ta.

Ó kọ ọ́ pé: Kò sí, Mà.

Ó pa á rẹ́.

Ó kọ ọ́ pé: Ẹ máa padà bọ̀.

Ó pa á rẹ́.

Ọmọlará sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá Silas, ìṣẹ́jú méjì ti pé."

Ó ti pé lóòótọ́. Silas kò tíì gbéra, ó ń kọ ọ́ pé: